YẸ ÌSÀLẸ̀ TÁǸKÌ WÒ

Kà: Òwe 4:20-27
Àkọ́sórí: Òwe 4:23

Bí omi bá wọ epo ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ náà lè má tètè sítáàtì láàárọ̀, agbára rẹ̀ á sì dínkù bó bá ń gun òkè. Àwọn kan á sáré lọ pààrọ̀ nọ́súlù olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ bu epo sínú ìgò funfun, yóò gbé e kalẹ̀ kó tòrò. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti máa mú kí pọ́ńpù àti nọ́súlù dípẹtà. Bí o bá sì pààrọ̀ fílítà láìfọ táǹkì tó dọ̀tí, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dí.

Olùfẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn rí. Àdúrà òwúrọ̀ ti ń nira fún ọ, ọ̀rọ̀ kékeré ń bí ọ nínú. O ti gbààwẹ̀, o ti yí ọ̀rẹ́ padà, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Kí ló wà nísàlẹ̀? Ìkorò sí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ kì í léfòó, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Dákẹ́ níwájú Ọlọ́run lónìí, kí ọkàn rẹ tòrò. Dárúkọ ẹni náà, kí o sì dárí jì í. Jẹ́ kí Ẹ̀jẹ̀ Jésù fọ táǹkì náà.

Àdúrà: Olúwa, fi ohun tó ń gba agbára mi hàn mí, kí o sì wẹ̀ mí mọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.