Nígbà Tí Àárẹ̀ Bá Mú Ọkàn



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, abiyamọ kan wá bá mi lẹ́yìn Misa àárọ̀. Ọmọ tí ó pọ̀n kò tíì pé oṣù méjì. Ó ní, "Fádà, n kò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá di Rósárì mú, ńṣe ni ọwọ́ mi ń wúwo. Ọmọ ń sunkún, kò sì wù mí láti gbé e." Mo dá a lóhùn bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń dáhùn. Mo ní kí ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbàdúrà sí Ìyá wa Màríà, kí ó sì máa dúpẹ́, nítorí àwọn kan ń wá ọmọ tí wọn kò rí. Ó kúnlẹ̀, ó gba ìbùkún, ó lọ. Àdúrà tí mo ní kí ó gbà kò burú, ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo gbé lé e lórí di ẹrù kún ẹrù.

Kì í ṣe àìmoore ni ó ń yọ obìnrin náà lẹ́nu, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àìsàn ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ayé ni ó ń bá a jà. Àwọn ará ilé ní ìgbéraga ni. Nọ́ọ̀sì kan, ní ọjọ́ tí ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í: "Ìyá ìkókó, bí ọmọ bá sùn, ṣé ẹ̀yin náà ń rí oorun sùn?" Omijé ni ó fi dáhùn. Nọ́ọ̀sì náà kò bá a wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì mú un lọ bá dókítà.

Ìwé Sírákì, tí ó wà nínú Bíbélì àwa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, kọ́ wa ní orí 38 pé Ọlọ́run ni ó dá oníṣègùn, àti pé inú ilẹ̀ ni ó ti mú oògùn jáde. Ó ní kí aláìsàn gbàdúrà, kí ó ronúpìwàdà, lẹ́yìn náà kí ó fi àyè sílẹ̀ fún oníṣègùn. Àdúrà àti oníṣègùn kì í ṣe orogún. Ẹ sì wo wòlíì Èlíjà tí ó jókòó sábẹ́ igi ní aginjù, tí ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó pa òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá fún un, ó jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún jí i kí ó jẹun, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò Hórébù rárá.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ pé ọ̀ràn ti kọjá ìbànújẹ́ lásán? Olúwa wa pàápàá sunkún ní ibojì Lásárù. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ lè sunkún ní òwúrọ̀, kí ó sì rẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a bá rántí ìṣe olóògbé. Ọ̀pọ̀ abiyamọ a sì máa sunkún láìnídìí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, a sì tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọkàn ń ṣú lójoojúmọ́, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí oorun dá tàbí tí ènìyàn ń sùn ṣáá, tí iṣẹ́ tí ó ń fi ayọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ sú u, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí a mú un lọ, kí a má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní abísínwín kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la: abiyamọ tí kò fojú ba oorun, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ àjèjì nípa ọmọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn, kì í ṣe orí òkè àdúrà, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n ní ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tí ń bà yín lẹ́rù. Orúkọ ni. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan lọ sí Aro ní Abẹ́òkúta, ojú tí a fi ń wò ó a yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí Dókítà Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá gba ìtọ́jú. Ó pẹ́ tí àwọn ará Geel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí a ti ń bọlá fún Dymphna Mímọ́, ti ń gba irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílé. Kì í sì í ṣe Aro ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà tí ó sún mọ́ni ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà tó. Ẹlòmíràn nílò oògùn. Ẹlòmíràn nílò méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi lè dá ẹ̀ṣẹ̀ jì yín ní ilé ìjẹ́wọ́. N kò lè kọ oògùn fún yín.

Nígbà tí ara obìnrin náà yá, ó padà wá. Ó bi mí bóyá gbogbo oṣù tí òun kò lè gbàdúrà ni kí òun kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdáhùn tí mo fún un ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fádà, ẹ̀yin náà kò mọ̀," ó sì gbé ọmọ náà fún mi kí n súre fún un.