Ènì àti Òṣùwọ̀n: Ta Ni Ó Jẹ Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Lówó?

Ní ọjà Yorùbá, bí ènìyàn bá fẹ́ ra gàrí, kóńgò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Olùtajà a bu gàrí sínú kóńgò títí yóò fi kún, a sì tún kó o jọ sí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi ga bí òkìtì. Lẹ́yìn tí ó bá ti da èyí sínú àpò oníbàárà tán ni yóò wá fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ yìí ni ènì. Òfin mẹ́ta ni ó de ènì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ wọ́n sílẹ̀. Èkíní, ẹ̀yìn òṣùwọ̀n ni ènì ń dé. Kì í ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í rọ́pò rẹ̀. Èkejì, ìfẹ́ inú ẹni tí ń fi í sílẹ̀ ni ó ti ń wá. Oníbàárà lè bẹ̀bẹ̀ fún un, ó lè dá àpárá láti gbà á, ṣùgbọ́n kò lè pe olùtajà lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ènì a máa mú kí ọ̀rẹ́ wà láàárín ẹni méjì. Ó ń sọ fún oníbàárà pé kí ó tún padà wá. Olùtajà tí ó bá bu kóńgò tí kò kún, tí ó wá ń fi ènì dí àlàfo rẹ̀, kò ṣe oore fún ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́ ènìyàn jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ ènì àti òṣùwọ̀n yìí ni a lè fi tú ìdí ìbéèrè kan tí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láàárín àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ilé ńláńlá tí ń léfòó ni wọ́n. Wọ́n ní yàrá ìsùn, ilé oúnjẹ, odò ìwẹ̀ àti gbọ̀ngàn ìran. Àwọn tí ó tóbi jù nínú wọn lè gba èrò tí ó ju 5,000 lọ, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 2,000. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣí láti èbúté Miami ní ìpínlẹ̀ Florida, wọn a sì yí àwọn erékùṣù òkun Kàríbíánì ká. Èrò yóò ti san owó ọkọ̀ kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé tán, ojoojúmọ́ ni a ó máa kọ owó mìíràn sí ìwé gbèsè rẹ̀, tí a ń pè ní owó ìmoore tàbí owó ìtọ́jú. Ní ọdún 2024 àti 2025, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ń ná ọjà Amẹ́ríkà ń gbà wà láàárín dọ́là 16 sí nǹkan bí dọ́là 20 lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ dọ́là 18, tọkọtaya tí ó lo ọjọ́ méje yóò bá dọ́là 252 nínú ìwé gbèsè wọn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èrò lè lọ bá àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ èrò, kí ó ní kí wọ́n dín owó náà kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí èrò yọ owó yìí kúrò? Bí ó bá sì yọ ọ́, ta ni ó rẹ́ jẹ?

Kì í ṣe báyìí ni nǹkan rí tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, alẹ́ ọjọ́ tí ìrìn àjò bá parí ni a ń pín àpò ìwé fún èrò: ọ̀kan fún ẹni tí ó tọ́jú yàrá rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ wá, ọ̀kan fún igbákejì rẹ̀. Èrò yóò fi owó sínú rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé ẹni náà lọ́wọ́. Ojú rí ojú, ọpẹ́ sì tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, tábìlì kan náà ni èrò ń jókòó sí láti alẹ́ àkọ́kọ́ títí dé alẹ́ ìkẹyìn, ẹnì kan náà ni ó sì ń gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan wá fún èrò ní òmìnira láti jẹun níbi tí ó bá wù ú, ènìyàn lè jẹun níbi méje lọ́wọ́ ẹni méje. Ta ni yóò wá fún ní àpò ìwé? Ni àwọn ilé iṣẹ́ bá ní kí òun gba owó náà jọ, kí òun pín in. Òdodo díẹ̀ wà nínú èyí. Ẹni tí ń fọ aṣọ ibùsùn ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ẹni tí ń fọ àwo nínú ilé ìdáná kì í fi ojú kan èrò. Àpò ìwé kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò burú kí ènì dé ọwọ́ tí ó fara sin. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ti ń fi kálàmù ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìwé gbèsè ẹlòmíràn ni ó ti ṣòro láti pè é ní ẹ̀bùn mọ́.

Ó yẹ kí a mọ àwọn tí ń gba owó yìí. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Philippines, Indonesia àti Íńdíà. Àdéhùn wọn sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ òkun, tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní Geneva ní ọdún 2006, tí ó sì di òfin ní ọdún 2013, fún ìjọba láyè láti fi wákàtí ìsinmi ṣe òdiwọ̀n: kò gbọdọ̀ dín sí 10 lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ dín sí 77 lọ́sẹ̀. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá yọ 77 kúrò, 91 ni ó kù tí òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi ṣiṣẹ́. Ní ti owó oṣù, òfin orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọkọ̀ ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Àsíá Bahamas tàbí ti Panama ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ṣí láti Miami. Òfin owó iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1938, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lónìí, kò sì kan atukọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tọ́jú yàrá àti àwọn tí ń gbé oúnjẹ, owó oṣù kéré. Owó ìmoore ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń mú lọ sí ilé. Àdéhùn tí ìjọba Philippines là sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ sọ pé, ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 owó oṣù wọn gbọ́dọ̀ lọ bá ẹbí wọn. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni ìdá náà ti ń jáde. Bí owó oṣù bá ṣe kéré tó ni ohun tí ìyàwó àti ọmọ lè gbójú lé yóò ṣe kéré tó.

Àwọn èrò tí ń yọ owó náà kúrò ní àwíjàre méjì. Wọ́n ní ẹ̀bùn tí a fi ipá gbà kì í ṣe ẹ̀bùn. Wọ́n sì ní ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san owó rẹ̀. Èrò ti san owó ọkọ̀ tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ilé iṣẹ́ ni ó rán òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Èrò ni a jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Ṣùgbọ́n nínú ètò yìí, òwe náà ti dojú dé: ẹni tí a jẹ́ iṣẹ́ fún ni òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ fà sẹ́yìn, ó di alárinà láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní owó ìmoore ń mú òṣìṣẹ́ jára mọ́ iṣẹ́. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí a béèrè ìdí rẹ̀ tí ọ̀gá atukọ̀ kì í fi í dúró de owó ìmoore kí ó tó tu ọkọ̀ gúnlẹ̀, tàbí tí ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ kì í fi í wo ojú èrò kí ó tó ṣiṣẹ́. Owó oṣù wọn pé, orúkọ rere wọn sì tó láti tì wọ́n níṣẹ́. Wọ́n tún ní ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà ju ohun tí yóò rí ní ilé lọ, àti pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un wá. Èyí náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe ni a fi ń mọ owó iṣẹ́, kì í ṣe òṣì tí òṣìṣẹ́ ti inú rẹ̀ wá. Bí àgbẹ̀ bá gba alágbàṣe láti abúlé tí ìyàn mú, ebè tí ó kọ ni yóò kà láti san owó rẹ̀. Kò ní ka iye alẹ́ tí ó ti fi ebi sùn kí ó tó dé.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí lórí ilẹ̀, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí George Pullman dá sílẹ̀ ní ọdún 1867 gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti máa tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ìsùn. Púpọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni. Owó oṣù wọn kò tó nǹkan, ọwọ́ èrò ni wọ́n ń wò. Èrò a sì máa pe gbogbo wọn ní George, bí ìgbà tí a ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Ní ọdún 1925, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Harlem ní New York, A. Philip Randolph sì ṣe olórí wọn. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jà kí ilé iṣẹ́ náà tó fi ọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1937, tí owó oṣù fi gòkè, tí wákàtí iṣẹ́ sì dín kù. Kì í ṣe pé kí èrò túbọ̀ lawọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ jà. Ènì kọ́ ni wọ́n béèrè. Kóńgò tí ó kún ni. Síbẹ̀, àṣà náà kò kú. Títí di òní, níbi tí òfin ìpínlẹ̀ kò bá ti béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin Amẹ́ríkà gba onílé oúnjẹ láyè láti san dọ́là 2.13 fún wákàtí kan, iye tí kò yí padà láti ọdún 1991, kí ó sì ka owó ìmoore mọ́ ọn títí yóò fi pé dọ́là 7.25. A kò lè rí àpẹẹrẹ tí ó hàn ju èyí lọ nípa bí a ṣe ń fi ènì dí òṣùwọ̀n. Ohun tí èrò rò pé òun fi ṣe òṣìṣẹ́ lóore, gbèsè agbanisíṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ fi san.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti owó lọ. Ó ń ba ìwà jẹ́ níhà méjèèjì. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, ì báà ṣe pé ìròyìn ikú ni ó gbà láti ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Èrò rí ẹ̀rín náà, kò sì lè mọ̀ bóyá tinútinú ni tàbí ti owó. Báyìí ni ọpẹ́, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ohun ọ̀fẹ́ láàárín ènìyàn méjì, di ọjà. Ewu kejì hàn ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dá àwọn ọkọ̀ náà dúró. Èrò sọ̀kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí omi fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà dé ilé wọn. Níbi tí èrò kò bá sí, owó ìmoore kò sí. Ọjọ́ náà ni ó yé ẹni tí kò yé tẹ́lẹ̀ pé ènì kì í dúró ti ènìyàn ní ọjọ́ ìṣòro. Òṣùwọ̀n tí ó pé ni í dúró.

Kí wá ni ó yẹ kí èrò ṣe? Ẹni tí ó bá yọ owó náà kúrò nítorí pé ó kórìíra ètò náà rò pé òun ń bá ilé iṣẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti gba owó ọkọ̀ rẹ̀ ná. Ẹni tí ó tẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ọfà náà bà. Kò sí ẹ̀tọ́ nínú kí a bá olóko jà, kí a wá fi ebi pa alágbàṣe. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí ètò bá ṣì rí bí ó ti rí, kí èrò san owó náà, kí ó sì kà á sí apá kan owó ọkọ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ṣírò ohun tí ìrìn àjò yóò ná an. Ẹni tí ó sanwó tán ni ó lè ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀gàn, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ iye tí ìrìn àjò jẹ́ sílẹ̀ ní kíkún. Èyí ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ P&O Cruises ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní ọdún 2018 pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn kò ní máa kọ owó yìí sí ìwé gbèsè èrò mọ́, pé inú owó ọkọ̀ ni yóò wà. Èyí nìkan kò sọ iye tí yóò dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ padà fún ohun tí ó ni ín: owó ni a pè ní owó.

Orúkọ ni ó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá pe owó iṣẹ́ ní owó ìmoore, ẹni tí ó jẹ gbèsè yóò máa rìn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè, ẹni tí ó san án yóò máa rò pé òun ṣe àánú, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún un yóò sì máa dúpẹ́ lórí ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí kóńgò kọ́kọ́ kún ná. Lẹ́yìn náà, bí inú èrò bá dùn ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, tí ó sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu díẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ yóò gbà á láìtẹrí, ọpẹ́ tí yóò dú yóò sì jẹ́ ọpẹ́ ní tòótọ́.