Ẹni Tó Ń Gbé Inú Ọkọ̀ Ló Mọ Ibi Tó Ń Jò

Àwa ará Adó-Èkìtì kì í ṣe ọmọ etí òkun. Àárín òkè la tẹ̀dó sí, a kì í sì í ta ìgbòkun lórí odò wa. Síbẹ̀, kò sí ẹja òkun kan lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́ja ní Ọjà Ọba tí kò gba inú ọkọ̀ ẹnìkan kọjá kó tó di tiwa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ ń fi ìwà èèyàn hàn ju ọjọ́ ayẹyẹ lọ.

Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kó kúrò nínú ilé wọn lọ sínú ọkọ̀ ìgbòkun tí wọn kò tíì tún ṣe tán. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á kan pákó, wọ́n á rán ìgbòkun. Tó bá di ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wà á lọ síbi tí kò jìnnà, wọ́n á padà wálé, wọ́n á sì tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹlòmíràn á fi ọdún púpọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dá ìrìn àjò gidi. Àwọn aládùúgbò lè máa bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ, kò níí dá wọn lóhùn. Ó ṣe tán, òun ni òjò òru máa ń kán sí lójú, òun ló mọ pákó tó la.

Nílé wa níbí, ẹ lọ wo àwọn tó ń kó yanrìn lórí ọ̀sà Èkó. Ọkọ̀ onígi ni wọ́n ń lò, aṣọ àlẹ̀mọ́ ni wọ́n fi ṣe ìgbòkun. Ẹnìkan á di korobá mú, á gba orí àkàbà wọ ìsàlẹ̀ omi lọ bu yanrìn. Wọ́n á máa dà á sínú ọkọ̀ títí ẹnu ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Korobá kan tó bá lé, gbogbo rẹ̀ rì. Ìmọ̀ ibi tó yẹ kí wọ́n dá a dúró sí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó ti bá ọkọ̀ yẹn gbé pẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ìtàn kan wà tí ń kò lè gbàgbé. Lọ́dún 1968, ìwé ìròyìn Sunday Times ti ìlú London gbé ìdíje kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè dá nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé po láìdúró níbì kan. Àwọn mẹ́sàn-án ló gbéra. Robin Knox-Johnston wà lára wọn. Bombay ni wọ́n ti kan Suhaili, ọkọ̀ rẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan sì ti wà á láti Íńdíà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìdíje yìí. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárín agbami, ọkùnrin yìí wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti jíǹsì kí funfun ara rẹ̀ má baà pe ẹja ekurá, ó bẹ́ sómi, ó lọ dí ojú ihò náà lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ẹja ekurá kan dé lóòótọ́, Knox-Johnston gun orí ọkọ̀, ó yìnbọn fún un, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Donald Crowhurst náà wà níbẹ̀. Okòwò rẹ̀ ti ń dẹnu kọlẹ̀, ó sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé bí nǹkan kò bá lọ déédéé, òun ni yóò ra ọkọ̀ náà padà lọ́wọ́ ẹni tó ná owó sí i. Ìrìn ìdánwò tó yẹ kó gba ọjọ́ mẹ́ta gba bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rí i pé ọkọ̀ kò tíì ṣe é gbé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti pé jọ, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá sì ni gbèdéke, ó bá gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀pá rọ́bà tí yóò fi máa fa omi jáde kù sí èbúté. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó wá ń fi rédíò ránṣẹ́ sílé pé òun ń sáré bí ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ló ń yí po. Ní oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lófìfo. Wọn kò rí òun.

Èèyàn burúkú kọ́. Bàbá ọmọ mẹ́rin ni. Irọ́ tó pa lójú agbami kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, láti èbúté ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti mọ̀ pé kò tíì yá tí kò sì lè là á mọ́lẹ̀ fún àwọn tó wá wò ó.

Ohun tó ń dùn mí nìyí nígbà tí mo bá rí fírídọ̀ọ̀mù àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní àyíká Ọjà Ọba. Wọ́n ti ra aṣọ ẹgbẹ́, kánópì ti dúró, wọ́n ti se ìrẹsì, ọmọ tí à ń tìtorí rẹ̀ pé jọ kò sì lè gé apá búláòsì. Ọ̀gá mọ̀, ọmọ mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tó bá lè pe ìyá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú, ọmọ yín kò tíì mọ̀ ọ́n." Mo bọ̀wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n á bínú sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣẹ̀sín, owó kánópì á wọgbó. Kó ṣì sọ ọ́.

Knox-Johnston nìkan ló parí ìdíje náà. Ó gúnlẹ̀ sí Falmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1969, lẹ́yìn ọjọ́ 312 lórí omi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn ló tọ́ sí i, owó ńlá gbáà láyé ìgbà náà. Ó kó gbogbo owó náà fún opó Crowhurst àti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Crowhurst tú síta, tí gbogbo ayé mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, Knox-Johnston ní kí wọ́n má dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́ jù.