Ta Ni Yóò Sin Ọmọ Àgbàtọ́ Dé Oko?

Àwọn baba wa ní, ọmọ tí ó bá tó ọkọ́ọ́ ro ni à ń fún ní ọkọ́. Wọn kò dárúkọ iye ọdún. Wọ́n ní kí a wo ọmọ náà dáadáa kí a tó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Òfin ìlú ní tirẹ̀ ń ka ọdún: òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, tí ó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Benin, pe ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ní ọmọdé.

Ní Tchaourou, kò ṣàjèjì kí ọmọ dàgbà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá a tan. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọ̀kan tí ikú òbí dà lọ́kàn rú, tí ó ń gba ìtọ́jú. Alágbàtọ́ rẹ̀ ni ó mọ ọjọ́ tí oògùn tán àti ohun tí ó ń dẹ́rù bà á lóru. Nígbà tí ó bá pé ọdún 18, wọn á ní ó ti dàgbà, kí ó máa dá lọ bá oníṣègùn ọpọlọ ní Parakou. Ọdún pé lóòótọ́; ṣé àárẹ̀ ọkàn mọ̀ pé ọdún pé?

Ẹnìkan lè sọ pé àgbàlagbà ni ó ni àṣírí ara rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmìnira kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Bàbá tí ó fún ọmọ ní ọkọ́ a máa bá a dé oko, a fi ààlà hàn án, kí ó tó padà sílé.

Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ wa, kì í ṣe dókítà. Títún táyà ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Bouaké. Síbẹ̀ ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára àwọn aláìsàn ọpọlọ tí kò bá a tan. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, Bohicon àti Djougou, àwọn kan tí ara wọn ti yá sì ń tọ́jú ẹlòmíràn níbẹ̀. Sísinni lọ kò béèrè ẹ̀jẹ̀ tàbí ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, kí ọdún 18 tó pé, kí a bi ọmọ náà léèrè ẹni tí ó fẹ́ kí ó bá òun lọ. Kí a mú un mọ oníṣègùn tuntun. Kí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe àánú, gbèsè ni. Ọmọ tí ó ti pọnmi fún ilé wa láti kékeré kò yẹ kí ó dá wá ọ̀nà Parakou.