ÀÁRÒ ILÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ kà: Jeremáyà 29:4-10, 2 Sámúẹ́lì 23:13-17

Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé ìrántí yìí, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọn kò lè wà nílé ní irú ọjọ́ òní, àti àwọn tí wọ́n jókòó láàrin wa níhìn-ín ṣùgbọ́n tí ilé tiwọn jìnnà.

Ẹni tí àárò ilé kò bá sọ rí a máa fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tí ó ti Ìkàrẹ́ wá wáṣẹ́ ní Èkó, ìyàwó tí ó tẹ̀lé ọkọ lọ sí Jos, nọ́ọ̀sì tí ó lọ sí London, wọn a máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ó bá di alẹ́, tí òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíràn kàn wọ́n nímú, tàbí tí ẹnìkan kọjá tí ó ń sọ ẹ̀ka èdè wọn, omi á lé ròrò sójú. Oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹlòmíràn á ní ibà ló ń ṣe òun.

Láàrin àwa aládùúrà, ẹni tí àárò ń sọ kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rù ń bà á kí a má baà ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Bí ó bá sì sọ ọ́, àwọn kan á sáré mú un lọ sọ́dọ̀ aríran, wọn á ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló ń pe ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná o. Èmi náà gba ìran gbọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀tá ń bẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹkún ni iṣẹ́ ọ̀tá. Ọmọ tí ó ń sunkún ìyá rẹ̀, kí ni ọ̀tá wá wá débẹ̀?

Ẹ wo Dáfídì, jagunjagun, ẹni tí ó pa Gòláyátì. Ó wà nínú ihò Ádúláámù, àwọn Fílístínì sì ti dó sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú tí wọ́n bí i sí. Nínú gbogbo ohun tí ọkàn rẹ̀ lè fẹ́, omi kànga ẹnubodè ìlú wọn ni ó fẹ́. Òǹgbẹ ilé ni òǹgbẹ yẹn. Àwọn akọni mẹ́ta la àárín ọ̀tá kọjá, wọ́n pọn omi náà wá. Dáfídì kò mu ún. Ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa, nítorí ó rí i pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi wéwu kí wọ́n tó rí i pọn. Ẹni tí ó ń yá owó èlé kí ó lè lọ ṣọdún nílé, kí ó ronú sí omi yẹn.

Jósẹ́fù ńkọ́? Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Mánásè, ó ní Ọlọ́run ti mú òun gbàgbé ilé bàbá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fojú kan Bẹ́ńjámínì, gómìnà Íjíbítì sá wọ yàrá lọ sunkún. Ó bọ́jú kí ó tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́jú kí ẹ tó jáde, ẹ̀yin nìkan kọ́.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Júdà lọ sí Bábílónì, wòlíì kan tí ń jẹ́ Hananáyà sọ fún àwọn ènìyàn pé láàrin ọdún méjì gbogbo rẹ̀ á parí, wọn á padà sílé. Irọ́ tí ó dùn ni. Jeremáyà kọ lẹ́tà sí wọn pé àádọ́rin ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n sì gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà.

Ẹnìkan lè ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti gbàgbé Gánà ni?" N kò gbàgbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jeremáyà kò ní kí wọ́n gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ ìgbà ìpadàbọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó ń retí àtipadà ní láti jẹun lónìí, ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bí Ajàyí Crowther ti ṣe nìyẹn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoógùn. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó kàwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó gbéyàwó níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí Yorùbá kú lẹ́nu òun. Ní 1843 ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní 1844 ó fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kò jáde, ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn. Èdè tí ó dì mú ní ìdálẹ̀ ni ó wá fi ṣe olórí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ó dùn mí jù. Láyé ọjọ́un, lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà. Àwọn tó wà ní London a máa gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn á fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé. Lónìí, ojú ara wa ni a ń rí lórí fóònù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kì í pe ilé. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Owó tí wọn yóò fi ránṣẹ́ ni kò sí, ojú sì ń tì wọ́n. Oṣù kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di ọdún, àárò á wá di àìsàn lára ọmọ àti lára ìyá. Ìwọ ọmọ, pe ìyá rẹ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ má jẹ́ ti òrùlé tí ń jò. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Àwa ìjọ náà ní tiwa níbẹ̀. Ní 1964, nígbà tí Àpọ́sítélì Adéjọbí dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní London, ibi tí àwọn ọmọ wa ti lè kọrin, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n fi èdè abínibí wọn ké pe Ọlọ́run ni wọ́n rí yẹn. Ṣé àwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wọlé tọ̀ wá? Ìwé àlejò wà lọ́wọ́ mi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. A ó ní kí àlejò dìde, a ó kọrin fún un, a ó pàtẹ́wọ́. Bí ìsìn bá parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ọmọ náà á wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á lọ. Ta ló bi í pé níbo ló ń gbé?

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ yìí, oúnjẹ yóò wà lẹ́yìn ìsìn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹnìkan tí kò ní ará nílùú yìí, ẹ pè é wá sídìí tábìlì yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ọlọ́run tí ó wà pẹ̀lú Jékọ́bù ní Bẹ́tẹ́lì lórí ìrọ̀rí òkúta, kí ó wà pẹ̀lú gbogbo ẹni tí yóò sùn síbi tí kò mọ ẹnìkan ní alẹ́ òní. Kí ó dá àwọn tó ń retí wọn sí, kí wọ́n lè fayọ̀ rí ara wọn. Àmín.