Ẹ̀rí Tí A Ń Jẹ́ Nípa Obìnrin

Àríyànjiyàn kan dìde láàrin àwa olùkọ́ ní Alájùé ní ìlú Ẹdẹ, títí ilẹ̀ fi ṣú a kò parí rẹ̀. Ẹnìkan lẹ àwòrán ńlá mọ́ ògiri lẹ́bàá ọ̀nà láti fi polówó àgbo. Ìgò àgbo náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ọmọbìnrin kan tí aṣọ ara rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó gba gbogbo àwòrán. Àwọn kan nínú wa ní kí ìjọba fi òfin de irú rẹ̀. Àwọn mìíràn bèèrè pé, bí òfin bá ti ń yọjú sí ohun tí a yà àti ohun tí a kọ, níbo ni yóò dúró? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré, nítorí àwọn ọmọbìnrin tí à ń kọ́ ń gba iwájú ògiri náà kọjá lójoojúmọ́.

Ọ̀ràn yìí ti wà ṣáájú ògiri yẹn. Ní ọdún 1929, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ni. Ó ń ròyìn ìṣekúṣe tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Ṣùgbọ́n olóòtú ìwé ìròyìn náà, Isaac Babalọlá Thomas, ni ó ń kọ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1930. Àwa kò pe Thomas ní ènìyàn búburú. Orin ìjọ àti ọ̀rọ̀ Bíbélì kún inú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń sọ fún ayé pé báyìí ni inú obìnrin rí, ọkùnrin ni.

Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 1961 lórí ìwé àti àwòrán aláìmọ́ ní kí adájọ́ wò bóyá nǹkan náà lè ba ọkàn ẹni tí yóò kà á tàbí tí yóò wò ó jẹ́. Ẹ kíyè sí i: òǹwòran ni ó ń dáàbò bò, kò bèèrè ohun tí a ṣe sí obìnrin tí a yà. Òfin kẹsàn-án tí Mósè gbà kò rí bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò tí a jẹ́rìí èké sí ni òfin náà ń ṣọ́, ìbáà ṣe pé ọkàn àwọn tí ó gbọ́ kò bàjẹ́ rárá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Maputo ní 2003 sún mọ́ èyí, nítorí ó ní kí ìjọba dènà fífi obìnrin ṣe ọjà nínú ìpolówó. Nàìjíríà fọwọ́ sí i; ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní àdéhùn kò ní agbára òfin àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin.

Ní tiwa, olùpolówó ọjà ni kí òfin kọ́kọ́ mú. Òun kò ní ìtàn kankan láti sọ. Ó kàn fi ara ọmọ ọlọ́mọ ta àgbo ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òfin kan náà lọ bá òǹkọ̀wé, ẹ̀rù ń bà wá. Òfin tí ó lè pa Thomas lẹ́nu mọ́ lè pa obìnrin tí ó fẹ́ ròyìn ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni orí kọkànlélọ́gbọ̀n ìwé Òwe, tí a fi ń yin obìnrin oníwà rere nínú ilé ìsìn, ọ̀rọ̀ tí ìyá Lémúẹ́lì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọba ni ó wà lókè rẹ̀.

A ní ìdí tí a fi ń bẹ̀rù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ wa obìnrin kan kọ àròkọ nípa ìyàwó kan tí ọkọ rẹ̀ ń lù, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. A sọ fún un pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, a sì ní kí ó fà á ya. Ó fà á ya níwájú wa. A kò bi í léèrè bóyá òótọ́ ni.