Àmútọ̀runwá Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ń wá 401 Road ní Festac Town ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ forí lé kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀: 4th Avenue ni. 512 Road wà ní 5th Avenue, 22 Road wà ní 2nd Avenue. Ó di ìgbà tó bá dé róòdù kó tó bèèrè Close, kó tó wá wo nọ́ńbà ilé. Àwọn tó ya ìlú yìí fún àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977 ti fi ọ̀nà pamọ́ sínú àdírẹ́ẹ̀sì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lè fi ráútà tòkunbọ̀ kan, súwíìṣì kan, wáyà díẹ̀ àti kọ̀ǹpútà méjì bẹ̀rẹ̀. Orí tábìlì kan gba gbogbo rẹ̀. Yóò fún kọ̀ǹpútà kan ní àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.10, yóò fún èkejì ní 192.168.2.10, ráútà yóò sì wà láàárín wọn. Ráútà kì í bèèrè ta lo jẹ́. Ibo lò ń gbé ló ń bèèrè.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tún ní orúkọ kan, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Àmì 12 ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ilé tó ti wá, bí oríkì orílẹ̀. Àmútọ̀runwá nìyẹn, bíi Táíwò, bí Àìná, bí Ìgè. Èwo wá ni kọ̀ǹpútà náà gan-an: orúkọ tó mú wá, àbí ojúlé tí wọ́n fi í sí? Àwọn àgbà tó ní ènìyàn kúnlẹ̀ yan orí kó tó dé ayé ti ń bá irú ìbéèrè yìí fà á tipẹ́.

Ẹ wo súwíìṣì. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kò mọ ẹnikẹ́ni. Kì í bèèrè orúkọ, etí ló ń tẹ́. Tí kọ̀ǹpútà kan bá sọ̀rọ̀, á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á wo ihò wáyà tí ohùn náà gbà wọlé, á kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: bí wọ́n ṣe máa ń ṣètò súwíìṣì Cisco láti ilé-iṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà kò bá sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé.

Orúkọ yìí kì í sì í kọjá ráútà. Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ sí ojúlé kejì, ráútà á yọ ọ́, á fi tirẹ̀ rọ́pò. Ará ilé nìkan ló mọ àmútọ̀runwá ẹni. Láti ọdún 2020 pàápàá, iPhone ti ń jẹ́ àlàjẹ́ lórí Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìrìn ènìyàn má baà rí i tọpa.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé àyànmọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yí ènìyàn ká kò lè mọ̀ ọ́n àfi tó bá lóhùn láàárín wọn. Ìgbàgbé wọn kò sì pa á rẹ́. Ẹni tó bá ní súwíìṣì nílé, kó dán an wò: kó nu ìwé rẹ̀ nù pátápátá, kó wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Orúkọ kan náà ni yóò padà wá.